Owó oṣù mákẹ́tà ní Ògbómọ̀ṣọ́: iye orí ìwé àti iye tó ń délé

Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ sára káàdì lè jẹ́ account executive, sales rep tàbí relationship officer. Tí wọ́n bá ti dé ọjà Jagun, mákẹ́tà ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: kí wọ́n wá oníbàárà, kí wọ́n tajà fún un, kí wọ́n má sì jẹ́ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó wọn náà jọra, ì báà jẹ́ bísíkíìtì ni wọ́n ń tà, ì báà jẹ́ oògùn, ì báà jẹ́ ètò orí kọ̀ǹpútà fáwọn ilé ìwé aládàáni. Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé iye tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ kì í jọ iye tó ń wọ àkáǹtì lópin oṣù.

Owó oṣù gan-an wà, ìyẹn ni kì í yẹ̀, bóyá ọjà yá tàbí kò yá. Kọmíṣọ̀n wà, ìyẹn ló ń tẹ̀ lé ọjà tí èèyàn tà. Tágẹ́ẹ̀tì ló dúró láàárín àwọn méjèèjì: iye ọjà tí ilé iṣẹ́ fẹ́ kó jáde lọ́wọ́ mákẹ́tà lóṣù kan. Ibí yìí ló yẹ kéèyàn ti la ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, kọmíṣọ̀n kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí náírà àkọ́kọ́. Wọ́n á ní ẹni tí kò bá tíì ta iye kan báyìí nínú tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní kọmíṣọ̀n rárá. Ká ní owó oṣù jẹ́ 150,000 náírà, tágẹ́ẹ̀tì jẹ́ mílíọ̀nù 5, kọmíṣọ̀n jẹ́ 2 nínú 100, wọ́n sì ní ó gbọ́dọ̀ ta tó 80 nínú 100 kó tó rí nǹkan gbà. Ẹni tó ta mílíọ̀nù 4 á gba 80,000 lé owó oṣù rẹ̀. Ẹni tó ta 3,900,000 kò ní gba kọ́bọ̀. Ọjà ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Nígbà tí ọ̀gá bá wá sọ pé "250,000 lo máa máa gbà lóṣù," iye ẹni tó ta gbogbo tágẹ́ẹ̀tì tán ló ń sọ yẹn.

Owó oṣù 150,000 náà kì í wọlé bó ṣe wà. Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yọ 8 nínú 100 lára owó òṣìṣẹ́, kí òun náà sì fi 10 kún un. 12,000 ti lọ nìyẹn, tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó náà. Owó orí tún wà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, òfin tuntun kò gba nǹkan kan lórí 800,000 àkọ́kọ́ tó ń wọlé lọ́dún, ó sì ń gba 15 nínú 100 lórí mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e. Fún ẹni tiwa yìí, lẹ́yìn tí a ti yọ pẹ́ńṣàn, ó tó 10,700 lóṣù. Òfin kan náà gbà kéèyàn yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó ń san kí wọ́n tó ṣírò owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n iye tó máa yọ kò gbọ́dọ̀ kọjá 500,000. Ẹni tó ń san 240,000 lọ́dún á fi bẹ́ẹ̀ gba 600 náírà padà lóṣù. Ó kéré o, ṣùgbọ́n owó ẹni ni, àìgba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé ló sì máa ń sọ ọ́ nù mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ tán, nǹkan bí 127,000 ló kù.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, 127,000 kì í ṣe owó yẹpẹrẹ. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ń san 80,000. Owó ilé kò le bíi ti Èkó tàbí Ìbàdàn, bí èèyàn bá ti yẹra fún àdúgbò Under-G àti àyíká rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ló ń gbé owó yàrá sókè. Ti oúnjẹ kò tilẹ̀ ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ìlú tí wọ́n ń kì ní Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, kò jìnnà sí oko: èlùbọ́, gàrí àti àgbàdo kì í rin ìrìn àjò gígùn kí wọ́n tó dé ìkòkò. Ibi tí èèyàn ti ń rí ìtura nìyí, ó sì jẹ́ òótọ́.

Ojú ọ̀nà ló ń gba ìtura náà padà. Bí mákẹ́tà bá wà ní Èkó, ọjà kan ṣoṣo lè tó o ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti lè ta mílíọ̀nù 5, ìlú nìkan kò ní tó. Á ní láti dé Ìkòyí-Ilé, Ìrẹsà-Adú àti Ajáàwa, ẹlòmíì á tún bọ́ sọ́nà Ọ̀yọ́ láàárín àwọn tírélà. Ọ̀kadà ló pọ̀ jù nínú ìrìn náà. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróò kan kò tó 200 náírà ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000. Bí ilé iṣẹ́ bá ń fún un ní 30,000 fún owó ọkọ̀, tó sì ń ná 2,500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 22, 55,000 ló ná. 25,000 tó kù, inú owó oṣù rẹ̀ ló ti jáde. 127,000 ti di 102,000, kò sì tíì jẹun.

Gbèsè tún ń bẹ, ìyẹn gan-an ló ń sọ ọ̀pọ̀ mákẹ́tà di ẹni tó ń sá fún fóònù ọ̀gá rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyí ní ṣọ́ọ̀bù:

"Ẹ kú ọjà o, mà."

"Oo, ọmọ mi. Gbé páálí mẹ́wàá sílẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá gbowó ẹ."

"Mà, owó páálí mẹ́fà ìjẹ́ta ṣì wà nílẹ̀ o."

Ìyá ò ní bínú. Á fa ìwé pélébé kan yọ lábẹ́ àpótí owó, á sì ṣí i sójú ewé tí báírò ti kún: ìyàwó tíṣà, ọlọ́kadà, ọmọ iléèwé tó ń gbé ẹ̀yìn ilé. "Ṣó o rí i? Èmi náà, wọn ò tíì san tèmi."

Òótọ́ ló ń sọ. Ẹni tó bá sì kọ̀ láti gbé páálí náà sílẹ̀ lè pàdánù ìyá yìí àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlà náà, torí ìlú tí wọ́n ti mọra wọn ni. Tó bá gbé e sílẹ̀, ọjà náà á wọ inú tágẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni gbèsè ń jẹ́ ní ọ́fíìsì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í san kọmíṣọ̀n àfi lórí owó tó ti wọlé. Àwọn míì ń yọ gbèsè tó bá ti pẹ́ lára owó oṣù, èyí sì burú, nítorí wọ́n ń fi owó ẹni tí kò ní ọjà san ọjà tí ẹlòmíì ń tà.

Tágẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, Èkó tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ti sábà máa ń kọ ọ́, iye kan náà látoṣù doṣù. Owó ìlú kì í rìn bẹ́ẹ̀. Nígbà kaṣú àti máńgòrò, láti nǹkan bí oṣù Kejì sí Ìkarùn-ún, owó máa ń ti oko wọlé. Tí òjò bá wá rọ̀ dáadáa, inú ilẹ̀ ni àgbẹ̀ ń kó owó sí. Nígbà tí LAUTECH bá wọlé, Under-G á kún. Tí wọ́n bá lọ ìsinmi, ọlọ́jà á máa lé eṣinṣin. Láàárín ọdún 2016 sí 2017 tí iléèwé náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, onílé, ọlọ́kadà àti alájàpá ni wọ́n jọ jẹ nínú ìyà náà.

Àwọn kan ń jókòó sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà tajà fún ilé iṣẹ́ tó wà ní Èkó. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ owó ọ̀kadà, dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ sì rọ́pò rẹ̀. Owó tiwọn lè dára gan-an, àfi tí ilé iṣẹ́ bá ń wo ìlú tí èèyàn ń gbé kó tó sọ iye tó máa san.

Ẹni tí wọ́n bá fi irú iṣẹ́ yìí lọ̀ kò ní jẹ̀bi tó bá bi wọ́n lójúkojú kó tó buwọ́ lu ìwé: èló ni ẹni tó wà lójú ọ̀nà yìí ṣáájú mi ń tà lóṣù Keje? Èló ló ń ná sórí ọ̀kadà? Gbèsè tó fi sílẹ̀ nínú ọjà ńkọ́, ọrùn ta ló bọ́ sí?