Bí Wọ́n Ṣe Rídìí Ọ̀nà Tí DNA Ń Gbà Ṣe Ẹ̀dà Ara Rẹ̀

Ní Kubwa níbí, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí mo ń kọ́ ní bàólójì, ọ̀pọ̀ àwọn SS3 ló ti há ìdáhùn yìí sórí: bí DNA, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àjogúnbá, bá di méjì, okùn àtijọ́ kan àti okùn tuntun kan ló máa wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni, wọ́n á sì gba máàkì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wọn bí wọ́n ṣe rídìí ẹ̀.

Ọyún ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí DNA. Lọ́dún 1869, ní Tübingen, Jámánì, Friedrich Miescher ń fọ báńdéèjì tí wọ́n tú lára àwọn aláìsàn, ó sì yọ ọ́ jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì ọyún náà. Ó di ọdún 1944 kí Oswald Avery àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi hàn pé òun ló ń gbé àjogúnbá. Lọ́dún 1953, James Watson àti Francis Crick sọ pé okùn méjì tó lọ́ mọ́ra ni, àti pé nínú èròjà mẹ́rin tí wọ́n fi lẹ́tà pè lára okùn náà, A ń so mọ́ T, C ń so mọ́ G. Iṣẹ́ Rosalind Franklin, tó fi X-ray ya àwòrán DNA, wà nídìí ìmọ̀ yẹn, ó sì yẹ ká máa dárúkọ rẹ̀ sókè. Watson àti Crick fura pé okùn kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ àwòṣe fún èkejì.

Àmọ́ ìfura ṣì ni. Ó ṣeé ṣe kí DNA àtijọ́ wà lódindi, kí tuntun sì dá wà. Ó tún ṣeé ṣe kí àtijọ́ àti tuntun dàpọ̀ ní wẹ́wẹ́ lára gbogbo okùn.

Lọ́dún 1958, Matthew Meselson àti Franklin Stahl ní California gbé ìdáhùn jáde. Wọ́n fi náítírójìn 15, tó wúwo, bọ́ bakitéríà títí DNA wọn fi wúwo, wọ́n wá kó wọn sínú náítírójìn 14, tó fúyẹ́. Wọ́n da DNA náà sínú omi iyọ̀ sísíọ́mù, ẹ̀rọ sì yí i kíkankíkan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí èyí tó wúwo lè lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí bakitéríà pín lẹ́ẹ̀kan, ìlà DNA kan ṣoṣo ló yọ, láàárín ibi tó wúwo àti ibi tó fúyẹ́ gan-an. Ìyẹn pa àbá pé àtijọ́ ń wà lódindi. Ṣùgbọ́n àbá ìdàpọ̀ wẹ́wẹ́ ṣì lè fún wọn ní ìlà àárín kan náà, nítorí náà wọ́n dúró de ìpín kejì. Ìlà méjì ló yọ: ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan lókè níbi tó fúyẹ́. Ká ní ìdàpọ̀ ni, ìlà kan ṣoṣo ni ì bá yọ. Ẹ ya á sínú ìwé yín, ẹ ó rí i fúnra yín.

Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ́ńsáìmù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Helicase ló ń tú okùn méjèèjì bí onídìrí ṣe ń tú irun. DNA polymerase, tí Arthur Kornberg rí lọ́dún 1956, ló ń to tuntun, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì mọ̀, láti ìpẹ̀kun okùn tuntun tí wọ́n ń pè ní 5' sí èyí tí wọ́n ń pè ní 3'. Okùn méjèèjì kọrí sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Báwo wá ni títo okùn tuntun kejì ṣe ń ṣeé ṣe? Reiji Okazaki àti ìyàwó rẹ̀, Tsuneko, ní Nagoya, Japan, ló rí i láàárín ọdún 1960 sí 1969 pé ní kéékèèké ni sẹ́ẹ̀lì ń hun ún, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ ligase á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Reiji, tí bọ́ǹbù Hiroshima kàn nígbà èwe, kú lọ́dún 1975 lẹ́ni ọdún 44. Tsuneko tẹ̀ síwájú, ó sì jẹ́ ká mọ̀ sí i nípa RNA kékeré (èròjà tó jọ DNA) tó ń bẹ̀rẹ̀ kéékèèké kọ̀ọ̀kan.