Ọ̀já Lichas: Ibi Tí Ìfẹ̀hónúhàn Eléré Ìdárayá Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní ọdún 420 ṣáájú ìbí Kristi, níbi ìdíje Olympia, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan sáré borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Akéde dìde, ó ní àwọn ará Boeotia ló ni ín. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán tí ọkùnrin kan fi jáde sí pápá. Ó lọ bá ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ọ̀hún, ó fi ọ̀já so ó lórí, kí gbogbo èrò lè mọ ẹni tó ni ẹṣin. Lichas ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Arcesilaus, ará Sparta. Àwọn ọlọ́pàá pápá ya bò ó, wọ́n sì nà án lọ́pàá lójú gbogbo ayé.

Bí wọ́n bá bi mí pé níbo ni àṣà kí eléré ìdárayá máa kọjú ìjà sí ìlú tó gbà á lálejò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń nàka sí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní Òlíḿpíìkì Mẹ́síkò ni, lọ́dún 1968, nígbà tí Tommie Smith àti John Carlos, sárésáré Amẹ́ríkà méjì, na ìkúùkù tí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ dúdú bò sókè. Ẹ jẹ́ ká tètè gbé ìyẹn kúrò lọ́nà. Ìyà tó ń jẹ àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, ilé tiwọn, ni Smith àti Carlos ń wí. Ìjọba Mẹ́síkò tó gbà wọ́n lálejò ti yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gbàgede Tlatelolco ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ mẹ́wàá péré kí ìdíje tó ṣí, ìkúùkù yẹn kò sì kàn wọ́n. Ìgboyà ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àlejò tó ń bá ará ilé rẹ̀ jà nínú ilé onílé nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó kọjú sí onílé.

Ìlú Elis ló ń darí Olympia láyé Lichas. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọn a rán akéde káàkiri ilẹ̀ Gíríìkì láti polongo àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní ekecheiria. Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ níbẹ̀: ọ̀kan ni dídì mú, èkejì ni ọwọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀, torí ọwọ́ kan náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ tiwa nígbà tí a bá ní wọ́n dáwọ́ ogun dúró. Àwọn ará Elis ní Sparta kò dá tirẹ̀ dúró. Wọ́n ní ó kọlu odi Phyrkos, ó sì kó jagunjagun wọ Lepreon lẹ́yìn tí àdéhùn ti múlẹ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn 2,000 mina, owó àwọn Gíríìkì ìgbà náà, lé e, mina méjì méjì lórí jagunjagun kọ̀ọ̀kan. Sparta fèsì pé ìkéde kò tíì dé ọ̀dọ̀ òun nígbà tí òun rán wọn. Elis kò gbọ́. Wọ́n ní Sparta kò gbọdọ̀ wọ tẹ́ḿpìlì, kò gbọdọ̀ rúbọ, kò gbọdọ̀ díje.

Ẹ wò ó dáadáa. Elis ló fẹjọ́ sùn, Elis ló jókòó dájọ́, Lepreon tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí sì nìyí, ilẹ̀ tí Elis fúnra rẹ̀ ń bá Sparta fà mọ́ra lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin Lichas fi sáré lórúkọ àwọn ẹlòmíràn.

Thucydides, òpìtàn Gíríìkì, ló sọ ìtàn yìí fún wa, ó sì wà láyé nígbà tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà mo gba tirẹ̀ gbọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí kò sọ ni ibi tí ọ̀já yẹn ti wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Lóòótọ́, àwọn Gíríìkì a máa so ọ̀já mọ́ aborí, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan láàárín èrò ló nà án sí i. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ó ká a sínú aṣọ rẹ̀ wá láti ilé ni. Xenophon, òpìtàn Gíríìkì mìíràn, pè é ní arúgbó, arúgbó kì í sì í dédé fò sí pápá nítorí inú tó ru ú lójijì. Ó mọ̀ pé Elis ti kó 1,000 ọmọ ogun Argos àti 1,000 ti Mantinea wá ṣọ́ ibẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé Sparta yóò gbé ohun ìjà dé. Ó mọ ohun tí ọ̀pá ọlọ́pàá pápá wà fún. Bí ó bá sì jẹ́ ìyì nìkan ló ń wá, ì bá dúró kí ìdíje parí, kó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ àgọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n nà án níbi tí gbogbo Gíríìkì ti lè rí i ni. Bí mo ṣe kà á nìyẹn. Ẹgba yẹn kò sì tán nílẹ̀: nígbà tí Sparta gbógun ti Elis ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Xenophon ka nínà tí wọ́n na Lichas mọ́ ohun tó fà á. Pausanias, òǹkọ̀wé Gíríìkì tó dé lẹ́yìn wọn, ní tirẹ̀ sọ pé nínú àkọsílẹ̀ àwọn ará Elis, Thebes, ìlú tó léwájú ní Boeotia, ni wọ́n kọ pé ó borí, wọn kò kọ Lichas.

Wọn yóò ní ọ̀ràn ara rẹ̀ ni Lichas ń jà fún, pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni. Gbòǹgbò ni mo pè é, mi ò pè é ní èso. Àwọn mìíràn a sì máa gbé Lysias wá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó sọ̀rọ̀ ní Olympia lọ́dún 388 ṣáájú ìbí Kristi kí èrò lè dìde sí Dionysius, apàṣẹwàá Syracuse. Lysias kì í ṣe eléré, Dionysius kì í ṣe onílé. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ méjì tún wà tó yẹ ká tú. Nínú ìfẹ̀hónúhàn, hàn ló gbẹ̀yìn. Ẹ̀hónú tí ẹnikẹ́ni kò rí, ìkùnsínú ni. Èkejì ni bọ́íkọ́ọ̀tì. Orúkọ ènìyàn ni: Charles Boycott, alábòójútó ilẹ̀ fún onílẹ̀ ńlá kan ní agbègbè Mayo ní Áyálándì. Lọ́dún 1880, àwọn àgbẹ̀ tí owó ilẹ̀ ń ni lára kọ̀ láti bá a kórè, ọlọ́jà kọ̀ láti tajà fún un. Wọ́n yàn án lódì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Áyálándì náà ni Peter O'Connor, eléré ìdárayá tó gun òpó àsíá níbi ìdíje Athens lọ́dún 1906, tó ń fì àsíá aláwọ̀ ewé nítorí pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ Bìrìtìkó. Con Leahy, ọmọ ìlú rẹ̀, dúró nísàlẹ̀, ó ń ṣọ́ òpó. Ọmọ Lichas gidi ni O'Connor: wọ́n kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí orúkọ ẹlòmíràn. Àmọ́ Athens kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí àṣà yìí kọ́kọ́ di ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ló ti wá, òmùwẹ̀ ni wọ́n. Judith Deutsch, Ruth Langer àti Lucie Goldner jẹ́ Júù, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ fún Hakoah ní Vienna, ní Ọ́síríà, ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí agbára lédè Hébérù. Wọ́n mú wọn fún Òlíḿpíìkì Berlin 1936. Òfin Nuremberg ti gba ìjẹ́-ọmọ-ìlú lọ́wọ́ àwọn Júù Jámánì lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn kò lọ. Ọmọ ọdún 15 ni Langer. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà jókòó ìpàdé lé ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n dìbò, wọ́n sì lọ. Àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ Ọ́síríà lé àwọn ọmọ náà kúrò nínú ìdíje, ó pa àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn rẹ́. Ẹ rántí Elis.

Ẹnìkan wà ní Berlin fúnra rẹ̀ tó gbèrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Werner Seelenbinder, ajìjàkadì ọmọ Jámánì, kọ̀ láti kí Hitler bí wọ́n ṣe ń kí i lọ́dún 1933, wọ́n sì fòfin dè é fún ìgbà díẹ̀. Ó padà, ó wọ Òlíḿpíìkì, èrò rẹ̀ sì ni pé bí òun bá gun orí pèpéle, òun yóò fi ẹ̀hónú òun hàn níbẹ̀. Ipò kẹrin ló ṣe. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí lọ́dún 1944.

Ẹ wá wo Santiago. Lẹ́yìn tí àwọn ológun Ṣílè gbàjọba ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, wọ́n sọ pápá Estadio Nacional di àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Soviet wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, wọ́n kò wá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Ṣílè ta bọ́ọ̀lù síra wọn títí dé iwájú ilé tí kò ní aṣọ́lé, Francisco Valdés gbá a wọlé, wọ́n yọ̀. FIFA ka ayò méjì fún wọn. Ìjọba Soviet ló pinnu ìyẹn, torí náà mi ò fún un láàyè púpọ̀. Èyí tó wù mí jù ni ti oṣù Kejìlá ọdún 1976, nígbà tí Ítálì lọ gbá àṣekágbá Davis Cup, ìdíje tẹ́níìsì, nílùú kan náà. Adriano Panatta sọ fún Paolo Bertolucci pé kí àwọn wọ ẹ̀wù pupa, àwọ̀ àwọn tí Pinochet, olórí ìjọba ológun Ṣílè, ń lé kiri. Ẹ̀rù ba Bertolucci, ó sì wọ̀ ọ́. Wọ́n gbá eré onímẹ́jì náà nínú ẹ̀wù pupa, nígbà tó yá wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí búlúù, wọ́n borí. Ọ̀já Lichas nìyẹn, ẹ̀wù ló dà.

Ní Harare, ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2003, onílé ló kọjú sí onílé. Andy Flower àti Henry Olonga, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Zimbabwe, wé téèpù dúdú mọ́ apá, wọ́n ní àwọn ń ṣọ̀fọ̀ ikú ìjọba àwaarawa. Ìhàlẹ̀ ikú lé Olonga kúrò nílùú.

Èyí tó kù kò jìnnà, ojú wa ló ṣe. Ṣáínà gba físà Joey Cheek, eléré orí yìnyín ọmọ Amẹ́ríkà, padà lọ́dún 2008 nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìpànìyàn Darfur ní Sudan. Emma Green Tregaro, afògasókè ọmọ Sweden, kun èékánná rẹ̀ ní àwọ̀ òṣùmàrè ní Moscow lọ́dún 2013, wọ́n ní kó nù ún, ó wá kùn ún ní pupa. Norway wọ ẹ̀wù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́dún 2021 nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ní Qatar. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, níbi Ife Àgbáyé ní Qatar, FIFA fi káàdì yẹ́lò halẹ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ de ìdè apá OneLove tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀, Jámánì bá fọwọ́ bo ẹnu ya fọ́tò, Japan sì nà wọ́n 2–1. Àwọn tó ń ṣàkóso Òlíḿpíìkì di òfin àádọ́ta wọn mú: ẹ má ṣe é lórí pèpéle. Ọ̀rọ̀ tí Elis sọ náà ni.

Lọ́dún 1995, àwọn ará Ọ́síríà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Judith Deutsch, wọ́n sì dá orúkọ rẹ̀ padà sínú àkọsílẹ̀. Wọ́n ní kó wá sí Vienna. Ó ní òun kò wá. Àwọn ló gbéra lọ bá a ní Ísírẹ́lì.