Ìjókòó àjọsọ: kí ni, báwo la sì ṣe ń ṣètò rẹ̀ bí àlejò bá wọ Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta?

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, àga ti sọ irú ìpàdé tí a fẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá tò ó bí ti inú ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ojú kọ síwájú, tí tábìlì aláṣọ funfun wà lókè pẹ̀lú omi oníke àti gbohùngbohùn kan ṣoṣo, a ti mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, a sì ti mọ ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀ bó bá jẹ́ pé ìkéde la fẹ́ ṣe. Àmọ́ bí ìwé ìpè bá sọ pé kí a wá jọ jíròrò ìdàgbàsókè ìlú, irọ́ ni ìwé yẹn pa.

Ìjókòó àjọsọ, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní atelier participatif, ni ìjókòó tí àwọn tó wá síbẹ̀ ti jẹ́ ọlọ́rọ̀ fúnra wọn. Ẹnu wọn ni ìmọ̀ ti ń jáde, ọwọ́ wọn ni ìpinnu wà. Ẹni tó ń darí rẹ̀ kì í ṣe olùkọ́. Atọ́kùn ni mo máa ń pè é. Ẹni tó bá mọ eégún mọ̀ pé atọ́kùn ló ń ṣáájú, òun ló ń lànà, òun ló ń wo kòtò àti òkúta, òun ló ń lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí atọ́kùn tó ń gba ijó jó mọ́ eégún lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùṣètò ti ń ṣìnà ni pé orúkọ àwọn tó máa sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ló yẹ kí ètò ti bẹ̀rẹ̀: kí la fẹ́ kó wà lọ́wọ́ wa nígbà tí àlejò bá ń di ẹrù? Bí a bá ti rí ìdáhùn ìyẹn, ká wá fi àkókò ṣírò ẹnu. Ẹ bá mi ṣe é. Ènìyàn 60 wà nínú gbọ̀ngàn, ìjókòó náà jẹ́ ìṣẹ́jú 90. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 3 péré, ìṣẹ́jú 180 nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé ìdajì wọn ò ní sọ nǹkan kan, kò sì ṣòro láti mọ àwọn wo ni: àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́, àwọn tí kò gbọ́ Faransé. Àmọ́ bí a bá pín ènìyàn 60 náà sí ọ̀wọ́ 12, ènìyàn 5 nínú ọ̀wọ́ kan, ìṣẹ́jú 15 ti tó kí gbogbo ẹnu tó wà níbẹ̀ fi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 75 ṣì kù nílẹ̀. Ìṣirò yìí nìkan ló sún mi tí mi ò fi lè fara mọ́ ìpàdé tí olùsọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ti ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Èdè ń jẹ àkókò ju bí a ṣe rò lọ. Bí ẹnì kan bá ń sọ gbólóhùn kan kí ògbufọ̀ tó tú u, ìṣẹ́jú 90 ti di 45. Bó bá jẹ́ èdè mẹ́ta, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, ó ti di 30. Nítorí náà, èdè ni mo fi ń pín ọ̀wọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́, ará Ìmẹ̀kọ tó gba ẹnubodè wá láti Nàìjíríà, tábìlì kan náà ni kí wọ́n wà, nítorí ààlà tí Òyìnbó fà kò pín ahọ́n wọn. Ohun tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá fẹnu kò sí nìkan la máa túmọ̀ fún gbogbo ilé.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà ṣe ìjókòó yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní World Café bẹ̀rẹ̀ ní California ní ọdún 1995, lọ́wọ́ Juanita Brown àti David Isaacs. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì kékeré ká fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, wọ́n á máa kọ èrò wọn sórí ìwé tí wọ́n tẹ́ bo tábìlì. Lẹ́yìn náà wọ́n á dìde lọ sí tábìlì mìíràn, àfi ẹnì kan tó máa dúró gba àlejò, tó máa ròyìn ohun tí àwọn ti ìṣáájú sọ. Tọwọ́-tẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń rìn yí ilé ká.

Èkejì ni Open Space, ti Harrison Owen, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Ó ti fi ọdún kan gbáko ṣètò àpérò ńlá kan tẹ́lẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn sì gbádùn jù níbẹ̀ ni àkókò ìsinmi tí wọ́n ń mu kọfí. Ó wá rántí abúlé kan ní Làìbéríà, níbi tó ti rí i bí àwọn ará abúlé ṣe fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ayẹyẹ àwọn ọmọkùnrin wọn tó ń bọ́ sípò àgbà, láìsí ìgbìmọ̀ olùṣètò kankan. Nínú ọ̀nà tirẹ̀, àgbo ni gbogbo ènìyàn máa pa, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan bá ń jẹ lọ́kàn á kọ ọ́ sórí ìwé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, á sọ ibi àti àkókò tóun máa dúró sí. Bí o bá wà níbì kan tí o kò fúnni níbẹ̀, tí o kò sì rí gbà, kí o fi ẹsẹ̀ rẹ rìn lọ síbòmíràn. Ó dára fún ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kìíní, ojú ṣì ń ti àwọn ènìyàn láti dìde lójú àgbà.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí kò béèrè pé kéèyàn mọ̀wé. Robert Chambers, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó tan irú rẹ̀ kálẹ̀: kí a fi ilẹ̀ ṣe ìwé, kí a fi hóró irúgbìn ṣe ìka. Mo rí agbára rẹ̀ ní ìpàdé kan tí mo bá wọn ṣètò ní agbègbè wa. Fún ọjọ́ méjì, àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí jókòó sẹ́yìn, wọn ò sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò ti fẹnu kò pé kànga ẹ̀rọ ni ìlú nílò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a lọ sábẹ́ igi, a fi eérú fa àyíká márùn-ún sílẹ̀: omi, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọlọ, ọ̀nà oko. A fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní hóró àgbàdo 10. Ìyá àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀, ó fi hóró méjì sínú omi. Ó dúró. Ó mú ọ̀kan kúrò, ó sì kó mẹ́jọ lọ sí ọ̀nà oko, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò bí ẹni ń gbìn wọ́n. Ẹyọ kan tó kù, ó dì í mọ́ ọwọ́. Àwọn obìnrin yòókù wo ojú ara wọn, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó hóró kúrò nínú omi. Adìyẹ kan fẹ́ wá ṣa àgbàdo náà, ọmọ kan lé e. Atọ́kùn wá bi ìyá náà léèrè ìdí. Ó ní, "Bí òjò bá dé, ọ̀kadà ò lè wọ oko. Omi ń bẹ nílé, gbágùúdá mi ló ń jẹrà lóko. Kí ni mo fẹ́ fi omi bọ̀?" Ọjọ́ méjì la ti fi gbohùngbohùn wá ọ̀rọ̀ yẹn tì.

Mo máa ń sọ fún àwọn olùṣètò pé ìpàdé ọlọ́jọ́ púpọ̀ dà bí ẹrù aláàárù: ọjọ́ kìíní la ń tú u, ọjọ́ kejì la ń tò ó, ọjọ́ kẹta la ń dì í. Ọjọ́ títò ló máa ń ni ènìyàn lára. Ọ̀rọ̀ á pọ̀, ohùn á ga, olùṣètò á fẹ́ sáré pinnu fún wọn. Ẹ má ṣe é. Ẹ kó wọn jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, kí ojú rí ohun tí ẹnu ń jà lé lórí. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ìlú pẹ̀lú: bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ kejì, ẹ ò ní rí obìnrin, bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ fi ọ̀sán sílẹ̀ fún ìrun. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ má fi ẹ̀rọ gbé àwòrán sára ògiri fún wọn wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde rìn. Ẹ san owó ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí obìnrin tó fi ìkòkò gàrí sílẹ̀ ti pàdánù owó òòjọ́ rẹ̀ kó tó jókòó.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Gbogbo àlejò tó bá wá sí Kétu ló fẹ́ wò ó, UNESCO sì ti bu ọlá fún un láti ọdún 2001. Ṣùgbọ́n ijó tí a jó fún àlejò kì í ṣe ìkópa. Bí a bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀, Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń jáde lóru, ló yẹ ká wò: ó ń sọ òótọ́ ìlú sójú ìlú, ìlú sì ń gbe orin náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọdún 1969, Sherry Arnstein, ará Amẹ́ríkà, ya àkàsọ̀ onípele 8 láti fi wọn ìkópa ará ìlú. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tí wọ́n ti ń fi wá ṣe ìrísí lásán. Àárín ni ibi tí wọ́n ti ń sọ fún wa tàbí tí wọ́n ń bi wá, ṣùgbọ́n tí ìpinnu ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Òkè ni ibi tí agbára ti bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú. Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ti fojú rí ìpele òkè yẹn. Láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó ní Kùtọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló sì darí rẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé àwọn tó jókòó níbẹ̀ kéde pé ohun tí àwọn bá pinnu ni yóò múlẹ̀. Nítorí náà, kí a tó pe ẹnikẹ́ni wá sí Kétu, ó yẹ ká sọ ìpele tí a wà fún un. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn lásán la fẹ́ gbà, ká sọ bẹ́ẹ̀.

Wákàtí tó kẹ́yìn, mi ò fi ń ṣe ọpẹ́ rárá. Ọpẹ́ á ṣẹlẹ̀ níbi oúnjẹ. Ìwé ńlá kan la ń lẹ̀ mọ́ ògiri, a pín in sí mẹ́ta: kí la máa ṣe, ta ló máa ṣe é, ìgbà wo. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ló máa dìde kà á sókè fúnra rẹ̀, ní èdè rẹ̀. Àwọn àlejò lè ya fọ́tò ìwé náà lọ. Òun gan-an, Kétu ló máa wà, lára ògiri ibi tí àwọn ìyá ti ń ṣe gàrí.