"Ìkọ̀sílẹ̀ físà" kọ́, àìdánilójú ni

Ara máa ń ta mí bí mo bá rí i tí wọ́n kọ "ìkọ̀sílẹ̀ físà" fún ohun tí òyìnbó ń pè ní "visa refusal", ìyẹn kí èèyàn bèèrè físà kí wọ́n má fún un. Tọkọtaya ló ń kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì rí físà gbà, ta ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Àwọn tó ń pè é ní "ìfòfindè" tiẹ̀ tún burú jù, wọ́n ń dáyà já aláìṣẹ̀. Ìfòfindè wà lọ́tọ̀ nínú òfin Ìlú Ọba: ẹni tó bá parọ́ tàbí tó fi ayédèrú ìwé ránṣẹ́ lè jìyà rẹ̀ fún ọdún 10.

"Àìdánilójú" ni èmi ń lò, n ò sì ní yí i padà. Ẹ ka lẹ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ físà Ìlú Ọba fi ń dá àwọn tó fẹ́ ṣàbẹ̀wò lóhùn bí wọn ò bá fún wọn ní físà. Ohun tó ń sọ ní ìpínrọ̀ lórí ìpínrọ̀ ni pé "kò dá mi lójú": kò dá mi lójú pé ẹ máa padà sílé, kò dá mi lójú pé owó yìí jẹ́ tiyín. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láìmú onídùúró dání. Wọn ò pè é lólè, wọn ò lé e kúrò lẹ́gbẹ́, àmọ́ bó bá tún padà wá lọ́la láìsí onídùúró, ẹnu dídùn ò lè gbà á.

Státímẹ́ǹtì báǹkì ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Owó oṣù 180,000 náírà ń wọlé jẹ́jẹ́, àfi bí mílíọ̀nù mẹ́rin ṣe já wọ àkáǹtì nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n bèèrè físà. Ilẹ̀ lẹ tà? Ẹ fi ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà hàn, kí iye àti ọjọ́ inú rẹ̀ bá ti báǹkì mu. Ẹ̀gbọ́n yín ló fún yín? Kó kọ lẹ́tà, kó sì fi státímẹ́ǹtì tirẹ̀ tì í. Owó àyálò tí ẹ máa dá padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má dán an wò.

Láti ọdún 2013 ni àwọn tó fẹ́ lọ kí ẹbí ò ti lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù tuntun, ẹ san owó mìíràn. Kò sí iye oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró. Níbi tí wọ́n bá ti bi yín bóyá wọn ò fún yín ní físà rí, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, torí fífi pamọ́ ló ń fa ọdún 10 yẹn. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo "kò dá mi lójú" inú lẹ́tà àkọ́kọ́ ní ìwé tirẹ̀ tó dá a lóhùn.