Bí síkánà ẹnu ṣe ń wọn eyín, àti ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti ń yẹ̀

Kí wọ́n tó lè ṣe ìdérí fún eyín tó kán, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí eyín náà àti àwọn tó yí i ká ṣe rí gan-an. Ọ̀nà tó ti pẹ́ ni pé kí wọ́n po ohun rírọ̀ kan sínú àwo, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín títí yóò fi gan, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì da ẹ̀fun líle tó jọ POP sínú ojú ihò tó kù. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àléébù tirẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lára alginate, ọ̀kan nínú àwọn ohun rírọ̀ tí wọ́n ń lò, ló ń sún kì, ẹ̀fun náà a sì máa wú díẹ̀ bó ṣe ń gan. Sílíkónì ló dúró ṣinṣin jù nínú àwọn ohun rírọ̀ náà.

Ní 1985, ní Yunifásítì Zurich, Werner Mörmann tó jẹ́ dókítà eyín àti Marco Brandestini tó jẹ́ ẹnjiníà fi ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní CEREC tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́: kámẹ́rà kékeré ló wọn eyín náà láti inú ẹnu. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni síkánà òde òní dúró lé. Ọ̀pọ̀ wọn ń tan ìlà ìmọ́lẹ̀ sára eyín, kámẹ́rà a sì máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ìlà náà bá ṣe tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò ibi tó ga àti ibi tó jìn.

Ojú kámẹ́rà yìí kéré. Eyín kan tàbí méjì ló ń rí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó ń ya àwòrán léraléra, kọ̀ǹpútà sì ń wá ibi tí àwòrán méjì ti jọra láti fi so wọ́n pọ̀. Ibi ìsopọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù láìta okùn, tó jẹ́ pé ara èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ló fi ń wo èyí tó kàn, lè rí i pé ìkọ̀ọ̀kan tọ́, síbẹ̀ kó dé ìparí ògiri kó bá a pé ó ti wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣìṣe kékeré ṣe ń gun ara wọn láti eyín ẹ̀yìn apá ọ̀tún títí dé ti apá òsì.

Máíkírónì ni wọ́n fi ń wọn ìyàtọ̀ náà. 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Lórí eyín kan, síkánà tó dára kì í sábà ṣì ju nǹkan bí máíkírónì 20 sí 50 lọ. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń fi ṣe òdiwọ̀n wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí méjì, McLean àti von Fraunhofer, tí wọ́n sọ ní 1971 pé àlàfo tó wà láàárín etí ìdérí àti eyín kò gbọ́dọ̀ ju máíkírónì 120 lọ. Ìdérí kan ṣoṣo kò níṣòro níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n lórí odindi àgbọ̀n, ìyẹ̀ láàárín ìkángun méjèèjì lè kọjá 100.

Ohun méjì ni wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń dán ẹ̀rọ wò: ṣé ìwọ̀n rẹ̀ bá òótọ́ mu, ṣé kì í sì í yí padà bí wọ́n bá tún un ṣe? Ẹ̀rọ lè ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní yí ohùn padà, kò sì ní tọ̀nà. Wọ́n tún máa ń gbé àwòrán ẹ̀rọ lé àwòrán tó dájú lórí, kí kọ̀ǹpútà wá ibi tí wọ́n ti bára mu jù. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí, torí ọ̀nà yìí ń pín àṣìṣe káàkiri, ó sì ń bo bí ìkángun méjèèjì ṣe jìn síra tó.

Itọ́, ẹ̀jẹ̀ àti irin tó ń dán máa ń da ìmọ́lẹ̀ rú. Ìmọ́lẹ̀ kì í sì í yà kọ́nà: bí etí eyín tí wọ́n gbẹ́ bá wọ abẹ́ erìgì, sílíkónì lè wọ ibẹ̀, síkánà kò lè rí i, àfi kí dókítà fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti erìgì sẹ́yìn. Ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló fẹ́ kí a kọ́kọ́ gba orí eyín, lẹ́yìn náà apá ahọ́n, ká tó wá gba apá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹnu tí kò léyín ló le jù, torí erìgì dídán kò ní àmì tí kọ̀ǹpútà lè dì mú. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń rì irin títáníọ́mù mélòó kan mọ́ egungun láti gbé odindi eyín àtọwọ́dá. Eyín àbínibí lè mì díẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Irin yìí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mì rárá, nítorí náà ohun tí wọ́n bá dè mọ́ ọn kò láàyè àṣìṣe. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lo kámẹ́rà mìíràn tó dúró síta ẹnu, tó ń wo àmì orí gbogbo irin náà pa pọ̀, tí kò fi sí àwòrán kéékèèké tí yóò máa so.