Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Kò Ní Kí Olùkọ́ Fọwọ́ Lẹ́rán

Ẹ̀kọ́ ìwádìí ni kí ọmọ fúnra rẹ̀ dán nǹkan wò láti wá ìdáhùn. Àwọn olùkọ́ kan gbà pé kí àwọn kàn kó irinṣẹ́ fún ọmọ ni, kí àwọn sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èrò yìí ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ní 2011, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Alfieri àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 164 jọ lórí ọ̀nà ìkọ́ni yìí. Níbi tí wọ́n ti fi ọmọ sílẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, àwọn tí olùkọ́ ṣàlàyé fún ní tààrà ló mọ̀ ọ́n jù. Níbi tí ìtọ́sọ́nà ti wà, àwọn tó ṣèwádìí ló ta wọ́n yọ.

Báwo ni ìtọ́sọ́nà ṣe ń rí? So òkúta mọ́ okùn, fi kọ́ sára ìṣó, kí ó máa fì. Kí ló ń mú un yára: ìwúwo òkúta ni, àbí gígùn okùn? Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ má fo èyí o! Ọmọ tí kò sọ ohun tó rò kò ní mọ̀ nígbà tí èsì bá ta kò ó. Ọ̀pọ̀ á ní ìwúwo ni.

Ẹ pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin: ẹnì kan á jù ú sílẹ̀, ẹnì kan á kà, ẹnì kan á wo aago, ẹni kẹrin á kọ ọ́. Láti ìdí ìṣó dé àárín òkúta, kí okùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Lílọ àti bíbọ̀ ni ẹyọ kan. Mẹ́wàá á gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bí okùn bá di sẹ̀ǹtímítà 100, á gbà tó 20, kì í ṣe 40. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé èyí dáadáa. Bí òkúta bá wúwo sí i tí gígùn kò yí padà, àkókò náà kò ní yàtọ̀.

Ibi tó ti ń wọ́ ni kí wọ́n yí okùn àti òkúta padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó máa mọ èwo ló ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn á ka “ení” bí wọ́n ṣe jù ú sílẹ̀, “òdo” ló yẹ kí wọ́n pè. Ẹ máa yí ká bi wọ́n pé: “Kí lẹ yí padà? Kí lẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà?”

Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ ní ìparí, kí olùkọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ òfin náà, pé gígùn okùn ló ń yí àkókò padà, kì í ṣe ìwúwo òkúta, kí àwọn ọmọ sì kọ ọ́. Orúkọ ìwọ̀n àti sípẹ́lì kò sí lára ohun tí a ń wádìí. Ẹ kàn sọ ọ́ fún wọn.