Ẹ Fi Ahọ́n Sílẹ̀: Inú Ọpọlọ Ni Ohùn Yorùbá Ń Gbé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 4, wọ yàrá tí mo ti ń rí àwọn aláìsàn. Kò tíì jókòó tó fi ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ahọ́n ọmọ yìí wúwo. A ti gé okùn abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò já gaara.” Ẹ̀ẹ̀mejì! Mo ní kí ọmọ náà lanu. Àpá wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ lóòótọ́, ó le gbandi, ó tiẹ̀ ti fa ahọ́n náà sílẹ̀ díẹ̀. Abẹ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnìkan ni wọ́n fi gé e.

Òun ni ẹni kẹta tí wọ́n gbé irú àpá bẹ́ẹ̀ wá bá mi lọ́dún yìí, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò ní máa kọ́ ẹnikẹ́ni ní dò, re, mí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ̀ wọ́n kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò. Ibi tí ohùn yẹn ti ń wá ni ẹ kò mọ̀, àìmọ̀ yẹn ló sì ń ba ọmọ àti òbí jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ pa ẹnu yín dé báyìí. Ẹ jẹ́ kí ahọ́n sùn sílẹ̀, kó má ṣe mira. Ẹ wá fi imú kùn “ọkọ”, kí ẹ kùn “ọkọ́”, kí ẹ kùn “ọkọ̀”. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn láìṣòro. Ahọ́n kò gbéra, bẹ́ẹ̀ ni ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún. Tán-án-ná tó wà nínú gògóńgò ló ṣe iṣẹ́ yẹn: bí iṣan bá fà á kó le, ohùn á gòkè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ìdí kan náà nìyí tí dùndún fi lè ki èèyàn láìní ahọ́n. Onílù á fún ọṣán rẹ̀ mọ́ abíyá, awọ á le, ohùn á gòkè. Á tú u sílẹ̀, ohùn á sọ̀kalẹ̀. Àwọn baba wa tó ṣe ìlù yẹn mọ ohun tí àwọn tó ń gé ahọ́n ọmọ lónìí kò mọ̀.

Lóòótọ́, àwọn ọmọ kan wà tí okùn abẹ́ ahọ́n wọn kúrú. Ó lè mú kó ṣòro fún wọn láti fa ọmú. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá sì pọndandan, dókítà ni yóò gé e. Kò sọ ọmọ di odi, kò sì lè ba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ yìí. Mo kó àwòrán síwájú rẹ̀. Mo nawọ́ sí aṣọ, ó ní “a-ọ”. Mo nawọ́ sí ẹ̀fọ́, ó ní “ẹ̀-ọ́”. Ìṣáná, ó ní “ì-á-ná”. Ẹ tún wọn pè lẹ́nu yín. Gbogbo ohùn ló pé: dò wà níbi tí dò yẹ kó wà, mí wà níbi tí mí yẹ kó wà. Ṣ àti f ló sọnù. Tó bá jẹ́ pé ahọ́n ló fà á, báwo ni f ṣe máa sọnù? Ètè ìsàlẹ̀ àti eyín òkè la fi ń pe f, ahọ́n kò bá wọn dá sí i. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi mọ̀ pé etí ni.

Ohùn ọ̀rọ̀ wa kò ga rárá lójú etí. Tán-án-ná ọkùnrin àgbà ń gbọ̀n bí ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin ń tó nǹkan bí 200, ti ọmọdé lè tó 300. Ṣùgbọ́n èémí tó ń sú jáde nínú s, ṣ àti f ń gbọ̀n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nínú etí, ẹ̀yà kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n tò sínú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gba dídún tó ga, àwọn tó wà ní ṣóńṣó inú lọ́hùn-ún ń gba èyí tó rẹlẹ̀. Georg von Békésy gba ẹ̀bùn Nobel ní 1961 nítorí pé ó ṣàlàyé bí dídún ṣe ń rìn gba inú ìkarahun yìí kọjá. Àwọn irun ẹnu ọ̀nà wọ̀nyẹn ló sì kọ́kọ́ ń kú tí oògùn tó lágbára bá wọ etí. Tí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́ lára ọmọ ènìyàn.

Mo bi ìyá rẹ̀ pé irú abẹ́rẹ́ wo ni ọmọ yìí gbà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ní ibà mú un, ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò sì gún un ní gentamicin fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kò wọn ọmọ náà, kò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Gentamicin máa ń gba ẹ̀mí ọmọ là nílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀n ọmọ díwọ̀n oògùn, tí wọ́n sì ń ṣọ́ kíndìnrín rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, etí ọmọ ló máa ń kó lọ. Ìdánwò etí tí a ṣe fún un lọ́jọ́ kejì fi hàn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó ń gbọ́ dídún tó rẹlẹ̀ dáadáa, èyí tó ga kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohùn Yorùbá ń wọlé sí i, ó ń kọ́ ọ, ó ń pè é pé. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló nílò láti ọdún 2 sẹ́yìn, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbé abẹ kiri ẹnu rẹ̀.

Nísinsin yìí, ọpọlọ. Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí, nítorí etí kàn ń gbé ẹrù wá ni. Ọpọlọ ló ń tú u.

Ẹ rò ó wò. Bàbá pe “igbá”, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 5, pe “ìgbà”. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ wọn ohùn méjèèjì, ohùn mí ti bàbá lè rẹlẹ̀ ju ohùn dò ti ọmọ lọ fíìfíì. Kí ló dé tí ẹ kò fi ṣi bàbá gbọ́? Nítorí pé ọpọlọ yín kò ka iye ìgbọ̀n yẹn lásán. Kí ẹnìkan tó sọ ọ̀rọ̀ méjì tán, ọpọlọ ti mọ ibi tí òkè rẹ̀ wà àti ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà, àtẹ̀gùn tirẹ̀ ló sì fi ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní San Francisco, àwọn kan lára àwọn aláìsàn wárápá tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ní wáyà wẹ́wẹ́ lórí ọpọlọ wọn fún ìtọ́jú ara wọn, wọ́n sì gbà kí àwọn onímọ̀ lò ó láti fi wo bí ọpọlọ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn ojúkò kan wà lókè etí nínú ọpọlọ tí kò bìkítà bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn ṣe gòkè tàbí wálẹ̀ sí àtẹ̀gùn ẹni náà ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Iṣẹ́ yìí tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé orí ọpọlọ. Ní 2005, wọ́n fi wáyà sí orí àwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà àti àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń wo ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ti àwọn ará Ṣáínà ń bá lílọ sókè-sódò ohùn náà rìn ju ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ló kọ́ ẹran ara rẹ. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ọmọ tí ẹ kò bá sọ Yorùbá sí ní kékeré yóò kọ́ ohùn rẹ̀ wẹ́rẹ́ tó bá dàgbà, ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Yóò kọ́ ọ, àmọ́ yóò làágùn.

Ẹ̀gbẹ́ wo nínú ọpọlọ ni ohùn wà? Ní 1973, Diana Van Lancker àti Victoria Fromkin ní yunifásítì ní Los Angeles fi ọ̀rọ̀ kan sí etí ọ̀tún àwọn ará Thailand, wọ́n fi òmíràn sí etí òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Èdè ohùn ni èdè Thailand, bíi tiwa. Nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ohùn nìkan fi yàtọ̀ síra, etí ọ̀tún ló gbọ́ ọ jù, ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ sì ni etí ọ̀tún ń rán iṣẹ́ sí jù. Nígbà tí wọ́n kùn ún lásán láìsí ọ̀rọ̀, kò sí etí tó borí. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ohùn kan náà, kò sí etí tó borí lọ́dọ̀ tiwọn náà. Orin lásán ni wọ́n kà á sí. Ohùn tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí Paul Broca, dókítà kan ní Paris, ṣe kéde rẹ̀ ní 1865.

Ohùn ìbínú àti ti ayọ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ń ṣe púpọ̀ nínú ìyẹn. Mo ti rí bàbá tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọpọlọ, tó ń pe gbogbo dò, re, mí rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí kò sì mọ̀ mọ́ pé ìyàwó òun ń bínú.

Ìyẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Màmá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ẹni ọdún 58, wọ́n ń ta aṣọ òkè, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n jí, wọ́n bi àwọn ọmọ pé, “Ọkọ̀ mi dà?” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, nítorí Màmá kò ní ọkọ̀. Ọkọ wọn ni wọ́n ń wá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ gbé ìgbà wá.” Igbá tí wọ́n fi ń bu omi ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ọmọ-ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sín wọn jẹ, ó ní Màmá ń sọ Yorùbá bí òyìnbó. Ó di ọ̀sán, ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà dé ibí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, ohùn ọ̀rọ̀: ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní wòlíì ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Ó ní orogún tó ti kú ló di ohùn wọn sínú ìgò. Ó fi iyọ̀ àti oyin ra ahọ́n wọn. Ó ní kí wọ́n gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n má ṣe fi omi kan ẹnu, kí wọ́n má ṣe fi oògùn kan ẹnu. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru! Lóru ọjọ́ kẹta, rọpárọsẹ̀ kejì kọ lù wọ́n. Èyí ló kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lọ.

Mo ń bẹ yín, tí ẹnìkan nínú ilé bá ṣàdédé ṣi ohùn pè, tí kò rí bẹ́ẹ̀ lánàá, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín fún yín, kí ẹ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ wọ́. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Èmi máa ń fi kún un pé kó pe “ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀” tẹ̀ lé mi. Ẹ má ṣe bu omi sí i lẹ́nu, ẹ má ṣe fún un ní àgbo, nítorí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wo aago, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tó dí iṣan ọpọlọ, àmọ́ wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n fún un láti ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ ti yọjú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán orí ná kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ. Níbi tí kò bá tiẹ̀ sí oògùn yẹn, dókítà á lè ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sì gbìyànjú láti dá èkejì dúró. Èkejì ló ń pa wọ́n lára jù lójú mi.

Oṣù mẹ́rin ni èmi àti Màmá ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí mo bá dá orin ìjọ tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré, wọ́n á gbè é. A máa ń gba inú orin yẹn wá ọ̀rọ̀ kiri, díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n wo Bàbá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní “ọkọ”, re àti re, ó tọ́. Bàbá fi etí aṣọ nu ojú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn dé, mo bi ọmọ wọn àgbà pé aago mélòó ni ohùn Màmá kọ́kọ́ ṣì. Ó ní òun ò wo aago. Ó wá ronú, ó ní àwọn tó ń ka ìròyìn òwúrọ̀ lórí rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí àwọn olùgbọ́ ni, aago méje géérégé. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀kadà.